Mo Dárí Ji Ẹni Tí Mo Ṣẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti pẹ́ ju ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ nínú yín lọ. Mi ò sọ ọ́ fún bàbá mi títí tó fi kú. Mi ò sọ ọ́ fún àlùfáà kankan. Ìyàwó mi tí a jọ ń sùn, tí a jọ ń jí, oṣù tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí nìyí. Lọ́jọ́ Iléyá tó kọjá, ọkùnrin kan wá bá mi nílé. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn ọmọ-ọmọ mi, ó ní kí n dárí ji òun kí ọlọ́jọ́ tó dé. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ní mo ti dárí jì í. Ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin yẹn kò ṣẹ̀ mí rí láyé. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́.

Mi ò ní dárúkọ ara mi. Àwọn tó bá ti dàgbà díẹ̀ ní Surulere àti Yaba á ti mọ̀ mí kí n tó dé ìdajì ọ̀rọ̀ yìí, kò sì burú. Bọ́ọ̀lù ni mo fi ṣiṣẹ́ ṣe. Ẹ̀yìn ni mo máa ń gbá, àárín gbùngbùn ẹ̀yìn, tí a ń pè ní sẹ́ńtà báàkì nígbà yẹn. Àwọn èrò ìwòran ń pè mí ní Àgádágodo. Kì í ṣe èmi ni mo sọ ara mi bẹ́ẹ̀ o. Wọ́n ní tí mo bá ti ti ojúlé, ó ti tì pa nìyẹn.

Ẹni tó bá ní mò ń fọ́nnu, mò ń fọ́nnu lóòótọ́. Mo mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá ní láti jẹun kánú dáadáa kó tó kúrò nílé ìyá ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ yìí kò ní kí n parọ́ mọ́ ẹsẹ̀ ara mi. Tí mo bá fi ìyẹn pamọ́, ẹ̀yin náà kò ní mọ bí ohun tí mo ṣe ṣe wúwo tó.

Ayé ọdún ẹgbẹ̀rún kan ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ó lé àádọ́rin sókè ni mò ń sọ. Ogun abẹ́lé ti parí. Owó epo ti ń wọlé. Gbogbo àwa ọ̀dọ́ ló dá irun sí, tí ṣòkòtò wa ń gbálẹ̀. Sítádíọ̀mù Surulere ṣì jẹ́ tuntun nígbà yẹn, àwọn kan máa ń ti Mushin fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ láti wo bọ́ọ̀lù. Ilé-iṣẹ́ kan ló ni kíláàbù wa. Wọ́n kọ orúkọ wa sílẹ̀ bí akọ̀wé, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ló mọ ibi tí àga ẹ̀ wà? Pápá kan ní Yaba ni ọ́fíìsì wa.

Ọkùnrin tí mò ń wí yìí, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ràúfù. Ọmọ Mushin ni, bàbá ẹ̀ jẹ́ télọ̀ níbẹ̀. Èmi jẹ́ ọmọ tíṣà ní Yaba, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń kọ báàsì nínú ẹgbẹ́ akọrin. Mo ju Ràúfù lọ lọ́jọ́ orí díẹ̀, ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè mí. Ẹ̀yìn lápá òsì lòun máa ń gbá. Ẹsẹ̀ ẹ̀ yá ju tèmi lọ. Mi ò sọ ìyẹn rí nígbà tí mò ń gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ràúfù ní àṣírí kan. Àìsàn kan ṣe é nígbà tó wà lọ́mọdé, etí òsì ẹ̀ kò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́ látìgbà náà. Kò jẹ́ kí kíláàbù mọ̀. Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún, lọ́jọ́ kan tí a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tí à ń jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ kóòṣì kó máa fi mí sápá òsì. Tí mo bá wà níbẹ̀, etí ọ̀tún mi á máa kọjú sí yín. Ohùn yín nìkan ni mo nílò."

Mo bá a sọ ọ́. Kóòṣì gbà. Bí Ràúfù ṣe di báàkì apá òsì nìyẹn. Ó gbọ́ mi ní gbogbo ìgbà. Mi ò pè é rí kó má gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í wo bọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mò ń pè. Àwa tí à ń gbá ẹ̀yìn máa ń tò sórí ìlà kan. Tí àwọn ọ̀tá bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù síwájú sí ẹni wọn, tí gbogbo wa bá jọ sáré gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni wọn yẹn á kù sẹ́yìn wa. Ó ti di ọfúsáìdì nìyẹn. Alásíá á gbé àsíá sókè, góòlù tó bá gbá wọlé kò ní kà. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan péré nínú wa bá kù sẹ́yìn, gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹni tí ọ̀tá ń wá ti rí ọ̀nà.

Nítorí náà, ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ máa pè. Èmi ni. "Ẹ gòkè!" ni mo máa ń pè, gbogbo wọn á sì gòkè. Mi ò kì í nawọ́, torí ọ̀tá á rí i. Ohùn nìkan ni. Ohùn mi sì tóbi nígbà yẹn. Kí sítádíọ̀mù máa hó bí ó ṣe fẹ́, tí mo bá pè, ẹni tó ń ta ọsàn lẹ́nu géètì á gbọ́.

A dé ìdíje àṣekágbá ife kan lọ́dún yẹn. Mi ò ní sọ ife wo ni. Àwọn tó ń yan agbábọ́ọ̀lù fún ikọ̀ orílẹ̀-èdè ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wò wá. Èmi àti Ràúfù ni wọ́n dárúkọ. Inú mi dùn kọjá sísọ. Mò ń fò bí ọmọdé.

Nígbà tí a ti borí nínú ìdíje tó ṣáájú, mo sọ̀kalẹ̀ ní Costain pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi kan. A pàdé àwọn olólùfẹ́ kíláàbù tí a ó bá gbá àṣekágbá. Ọ̀kan nínú wọn ní Àgádágodo ti dípẹtà, pé àwọn á fi epo sí i lọ́jọ́ Sátidé. Èmi kẹ̀? Ẹ ò mọ̀ mí ni. Mo dúró sí ibẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Mo pariwo, mo fọwọ́ gbáyà, mo ka gbogbo sẹ́ńtà fọ́ọ̀wọ̀dù tí mo ti gbé sápò láti ìgbà tí mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn èèyàn pé lé wa lórí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, orí mi sì ń wú. Nígbà tí mo délé, ọ̀fun mi ti ń gbóná.

Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, ohùn mi ti lọ. Ẹnu ara mi ni mo fi pa ohùn ara mi. Màmá mi fún mi ní oyin àti omi gbígbóná. Mo jẹ orógbó títí ahọ́n mi fi kú. Ó di Ọjọ́rú, ó di Jímọ́ọ̀, ohùn kò padà. Ohun tó kù kò ju kí n máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lọ, bí ẹni tó ń bá ìyàwó ẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Ó yẹ kí n sọ fún kóòṣì. Tí mo bá sọ ọ́, ẹlòmíì lè máa pè, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan wà tó jókòó lẹ́yìn mi, tó ń retí ọjọ́ tí mo máa ṣàìsàn. Mo rò ó pé kóòṣì lè ní kí n sinmi kí ìyẹn wọlé. Àwọn tó ń yan ikọ̀ orílẹ̀-èdè á wá wo ẹlòmíì nínú jẹ́sì mi. Mi ò lè gbà bẹ́ẹ̀. Mo dákẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, mi ò la ẹnu láti òwúrọ̀. Orógbó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi. Nígbà tí a wọ bọ́ọ̀sì, gólì wa wò mí, ó rí i pé nǹkan wà lẹ́nu mi, ó sì fọwọ́ tọ́ ẹnì kejì. Mo gbọ́ nígbà tó ń sọ fún àwọn tó kù pé, "Ẹ má bá a sọ̀rọ̀ o. Ó ti fi nǹkan sẹ́nu. Tó bá fọhùn kí bọ́ọ̀lù tó parí, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

Ẹ ò rí i bí! Oògùn ni wọ́n rò pé mo fi sẹ́nu. Èmi, ọmọ tíṣà, tí mo ń kọ báàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tì mí lójú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún dùn mọ́ mi. Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè mọ́. Kóòṣì bá mi sọ̀rọ̀, mo mi orí. Ó wojú mi, ó pòṣé, ó sì yíjú sí àwọn tó kù. Òun náà kò fẹ́ fọwọ́ ba oògùn tó lè gba ife fún un.

A gbá abala kìíní dáadáa. Àwọn ọ̀tá kò sáré wá bá wa púpọ̀, mi ò sì ní láti pè. Ẹsẹ̀ mi ni mo ń fi sọ̀rọ̀. Mo gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn, àwọn èèyàn ń kọ "Àgádágodo" lórí àga. Mo ní lọ́kàn mi pé, àbí ẹ ò rí i, ta ló nílò ohùn?

Ní abala kejì, nígbà tí eré ti fẹ́ parí, tí ẹnikẹ́ni kò tíì jẹ góòlù, wọ́n já bọ́ọ̀lù gbà láàárín. Sẹ́ńtà fọ́ọ̀wọ̀dù wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bọ̀ lápá òsì wa. Àkókò tó yẹ kí n pè ló dé yẹn. Mo mọ̀ ọ́n. Mo gòkè, mo la ẹnu. Mo pè é pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Nǹkan kan kò jáde. Afẹ́fẹ́ lásán.

Àwọn méjì tó wà ní apá ọ̀tún mi rí mi tí mo gòkè, wọ́n bá mi gòkè. Ràúfù kò lè rí mi. Ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù ló ń wò, bó ṣe yẹ kó wò ó. Etí ló fi ń retí mi. Ó dúró síbẹ̀, ó ń retí kí n pè é. Bọ́ọ̀lù kọjá, àsíá kò dìde, fọ́ọ̀wọ̀dù wọn gbá a wọlé. Wọ́n gba ife lọ́wọ́ wa.

Nínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, kóòṣì wọlé bí ẹkùn. Ó ní, "Ta ló yẹ kó pè? Ṣé ẹnikẹ́ni pè?"

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo ti ba ayé ẹlòmíì jẹ́ nìyí. Mo wò yíká. Mo rí ojú gbogbo wọn. Mo sì fi ohùn tó há yẹn sọ pé, "Mo pè é, sà. Ẹ gbọ́ ohùn mi. Mo pè títí ohùn mi fi lọ."

Ohun tó yẹ kó tú mi fó ni mo fi ṣe ẹ̀rí. Kò sí ẹni tó jiyàn. Àwọn méjì tó bá mi gòkè ti gòkè ní tiwọn, wọn ò wá ẹjọ́. Gólì wa mọ̀ pé mi ò fọhùn láti òwúrọ̀, ṣùgbọ́n ó rò pé oògùn ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ tán, pé mo ti tu ú dànù kí n lè pè. Ó yíjú sápá kan.

Kóòṣì bi Ràúfù pé ṣé ó gbọ́. Ràúfù ní òun kò gbọ́. Àánú ẹ̀ ń ṣe mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí jù. Mo rí i pé tí kóòṣì bá gba ọ̀rọ̀ ẹ̀ gbọ́, á padà sọ́dọ̀ mi. Ni mo bá ní, "Ẹ bi í léèrè nípa etí ẹ̀, sà."

Mi ò lè gbàgbé bó ṣe wò mí. Kò bínú. Ó dà bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Kóòṣì lọ sẹ́yìn ẹ̀ lápá òsì, ó pàtẹ́wọ́, Ràúfù kò yíjú. Ó tún pàtẹ́wọ́, kò yíjú. Ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù ní, "Yéè! Adití ni wọ́n fi sẹ́yìn!" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Mo mọ̀ pé etí òsì yẹn kò kan ọ̀rọ̀ náà. Etí ọ̀tún ẹ̀ ló kọjú sí mi, etí yẹn sì dá ṣáká. Èmi nìkan ló mọ̀. Mo mọ̀ ọ́n níbẹ̀ gan-an, mo sì bu omi mu.

Kíláàbù lé e. Kò sí kíláàbù míì tó fẹ́ gbà á, torí ọ̀rọ̀ náà ti dé gbogbo pápá. Àwọn kan ní ó gba rìbá. Àwọn tó gbọ́ nípa etí ẹ̀ ń pè é ní Adití. Wọ́n ń ju èèpo ọsàn sí ojúlé bàbá ẹ̀ ní Mushin. Àwọn ọmọ kéékèèké ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, wọ́n ń ké "Gòkè! Gòkè!" kí wọ́n lè mọ̀ bóyá á yíjú. Kò gbá bọ́ọ̀lù tó lórúkọ mọ́ láyé ẹ̀. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ fọkanáísà, ó ń lẹ táyà, ó ń fẹ́ ẹ.

Èmi ńkọ́? Ohùn mi padà láàárín ọ̀sẹ̀ kejì. Wọ́n pè mí sí ikọ̀ orílẹ̀-èdè. Mo gbá bọ́ọ̀lù dé Gánà, mo gbá a dé Tógò, orúkọ mi ń jáde nínú rédíò. Mo kọ́lé ní Surulere. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo gbádùn ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mi ò rántí Ràúfù rárá.

Òun ló ń rán mi létí. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n lé e tí òun àti bàbá ẹ̀ fi wá bá mi ní Yaba. Mo rò pé ìjà ni wọ́n bá wá, mo ti múra. Bàbá ẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ fìlà. Ó ní, "Ọmọ tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó yẹ kó ti sọ fún gbogbo yín pé ara òun kò pé. Ó bà yín lórúkọ jẹ́." Ràúfù dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ gbalaja. Ó ní etí ọ̀tún òun ló ti ń lọ, òun kò tètè fura, òun ló jẹ́ kí ife bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ gbọ́ o. Ó gbà pé òótọ́ ni mo pè. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé mo lè parọ́. Ó yan etí ara ẹ̀ láti fura sí, kó tó fura sí mi. Bàbá mi wà nínú ilé, ó ń gbọ́. Mo ní kí wọ́n dìde, mo ní kò sí nǹkan kan. Bàbá mi yìn mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé mo ní ìwà tútù.

Láti ọdún yẹn, gbogbo Iléyá ni Ràúfù ń fi itan àgbò ránṣẹ́ sí mi. Kò sí ọdún tó yẹ̀ ẹ́. Kódà ní àwọn ọdún tí nǹkan le, tó jẹ́ pé àgbò kékeré ni òun àti àwọn aládùúgbò ẹ̀ dá owó jọ rà, itan tèmi á dé. Ìyàwó mi á sè é, yóò ní kí Ọlọ́run bá òun bùkún ọ̀rẹ́ mi yìí. Mo jẹ ẹran yẹn. Mo jẹ ẹ́ lọ́dọọdún, mo sì ń jẹ eegun ẹ̀ mọ́ ọn.

Ìgbà kan wà tí mo gbọ́ pé ọmọkùnrin ẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù gbá. Mo ránṣẹ́ pé kó mú un wá kí n wò ó. Ràúfù kọ̀. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí ọmọ òun gbá bọ́ọ̀lù, kí etí tó bá tọ̀dọ̀ òun wá má baà dójú ti ẹlòmíì níwájú ìlú. Ìyẹn dùn mí wọra. Mo ní màá sọ òótọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Mi ò sọ ọ́. Ọmọ náà ti di bàbá báyìí, awakọ̀ ni.

Ó wá ku Iléyá tó kọjá yìí. Kò rán ọmọ níṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Òun fúnra ẹ̀ ló gbé ẹran wá, ó ti di arúgbó, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà ti gba èyí tó kù nínú etí ọ̀tún ẹ̀. Ẹ ní láti pariwo sí i létí kó tó gbọ́ yín. Àwọn ọmọ-ọmọ mi jókòó, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ó dọ̀bálẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ń sọ ọ́ látọjọ́ yìí pé kò sí nǹkan kan. Ẹ ò sọ ọ́ rí pé ẹ dárí jì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi, kí n fi ọkàn balẹ̀ lọ."

Àwọn ọmọ ń wò mí. Àyè wà láti sọ òótọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo sì pariwo kó lè gbọ́. Mo ní, "Mo ti dárí jì ẹ́, Ràúfù." Ó sunkún. Ó di mí lọ́wọ́ mú, ó ń dúpẹ́. Ọmọ-ọmọ mi tó dàgbà jù ní, "Grandpa, ẹ mà dáa o."

Mi ò lè jẹ ẹran yẹn. Ìyàwó mi bi mí léèrè títí, nígbà tó yá ni mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Kò bú mi. Ó kàn gbé ìkòkò kúrò lórí iná, ó lọ dá jókòó sí bálíkónì. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Mushin. Mo ní tí mo bá ti rí i báyìí, màá sọ ọ́ tán. Mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lẹ́bàá títì, ó jókòó lórí táyà, àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ń tú wíìlì. Àwọn oníbàárà dúró, àwọn mẹkáníìkì kún ẹ̀gbẹ́ kejì. Inú ẹ̀ dùn láti rí mi. Ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé, "Àgádágodo nìyí o! Ẹ̀gbọ́n mi nìyí!"

Mo sún mọ́ ọn. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ràúfù, lọ́jọ́ yẹn, mi ò pè."

Ó na etí. Ó ní, "Kí lẹ wí, ẹ̀gbọ́n? Ẹ gbóhùn sókè."

Mo tún sọ ọ́, mo gbé ohùn sókè díẹ̀. Kò gbọ́. Ó ní kí n pariwo. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ti yíjú sí wa, ẹnì kan ti pa ẹ̀rọ kí bàbá lè gbọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo àdúgbò ló dákẹ́ ń retí ohun tí mo fẹ́ sọ. Èmi tí mo ti dúró níwájú sítádíọ̀mù tó kún fọ́fọ́, mo ń wá ibi tí màá sá gbà níwájú ṣọ́ọ̀bù táyà.

Mo ní, "Mo ní mo wá kí ẹ ni!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbàdúrà fún mi, ó ní kí wọ́n lọ ra mínírà tútù wá fún mi. Mo mu ún. Mo padà sílé.

Ìyàwó mi ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé, kí ọmọbìnrin Ràúfù kà á sí i létí ní yàrá. Ọ̀rẹ́ mi kan tí òun náà gbá bọ́ọ̀lù nígbà yẹn ní kí n fi sílẹ̀, pé ó ti gba ìdáríjì tó ń wá, ọkàn ẹ̀ ti balẹ̀, kí ló tún kù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ rí sí i? Ṣé ẹni tó bá ti fi gbogbo ayé ẹ̀ bẹ ẹlẹ́ṣẹ̀, ó sàn kó kú láìmọ̀? Ẹ kọ̀wé sí mi, màá kà á.

Ṣùgbọ́n mi ò ní dúró dè yín. Mo mọ ara mi, tí mo bá dúró, màá tún dákẹ́. Ṣé níkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ba orúkọ ẹ̀ jẹ́? Rárá. Ojú títì ni, níwájú èrò, nínú rédíò. Ìwé tí wọ́n kà ní yàrá kò tó o. Bí wọ́n ṣe gbọ́ pé adití ni, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n gbọ́ pé òpùrọ́ ni mí.

Sátidé tó ń bọ̀, tí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ bá kún, mò ń lọ. Mo ti mú ọ̀fun mi dání, ó ṣì lágbára, ẹ má wo ọjọ́ orí mi. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Surulere lọ́jọ́ yẹn tí ẹ sì ń bẹ láyé, ẹ̀yin tí ẹ ju èèpo ọsàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá dúró tì mí. Tí ẹ bá sì ń kọjá lọ ní Mushin tí ẹ gbọ́ tí bàbá arúgbó kan ń ké lẹ́bàá títì pé, "Ràúfù, mi ò pè ẹ́! Etí ẹ kò ṣe nǹkan kan, èmi ni mi ò pè!", orí ẹ̀ kò dàrú o. Èmi ni.

Ohun kan ni mo fi ń bẹ̀ yín. Mo mọ àwa èèyàn wa, tí àgbàlagbà bá ti ń tọrọ àforíjì, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á bá a bẹ̀bẹ̀, wọ́n á ní kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ tètè gbà á, kó má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi bẹ Ràúfù. Ó ti tó gẹ́ẹ́ tó ń tọrọ. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ bínú.